Ènì Wolé-wolé

Gbogbo ayé ló ń sá fún wolé-wolé, àfi Ìkẹ́olúwa. Ní àdúgbò Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1997, bí àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó káńsù bá ti yọ lókèèrè nínú aṣọ kaakí wọn, ẹni tó ń bọ̀ á pẹ̀yìn dà, ẹni tí àmù rẹ̀ kò ní ọmọrí á sì rántí pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan lóko tí òun ò tíì kí láti èṣí. Àmọ́ Ìkẹ́olúwa, ìyàwó Solomon, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ sí káńsù, tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá yẹ ilé ìdáná òun wò. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ wò ó títí, ó bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ara rẹ̀ yá gan-an. Móínmóín ló ń sè tà nínú ilé, móínmóín ewé tí òórùn rẹ̀ máa ń mú kí ẹni tó ń kọjá lọ yà bàrá wọlé. Ìyáàfin Adéagbo, ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nítòsí, ti tọ́ ọ wò, ó ti pọ́n ìka lá, ó sì ní kí Ìkẹ́olúwa wá máa tà á fún àwọn ọmọ nígbà ìsinmi. Kìkì pé ẹnikẹ́ni kò ní gbé oúnjẹ wọ ọgbà òun láìní káàdì wolé-wolé. Bí káàdì bá dé kí ó tó di ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ di ti Ìkẹ́olúwa. Bí kò bá dé, obìnrin oníbúrẹ́dì kan ti ń dúró lẹ́nu géètì. Láti ìgbà tí Ìkẹ́olúwa ti wọlé ọkọ ló ti ń wá iṣẹ́ kan tí yóò máa pè ní tòun, èyí sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé oorun ò kùn ún mọ́.

Òfin káńsù ò le lójú rẹ̀. Ibi ìdáná kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí èèyàn ń sùn, omi gbọ́dọ̀ ní ìdérí, ẹran ọ̀sìn kò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹni tó ń sè é á gé èékánná, á bo irun, á sì lọ ṣe àyẹ̀wò ara. Ìkẹ́olúwa ṣe é, ó ṣe é kọjá. Ó fi eérú àti kànìnkànìn ha ìdí ìkòkò tó ti dúdú láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó kó àwọn adìyẹ rẹ̀ lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ Sàrátù, ará ilé kejì.

Ohun kan ṣoṣo tí kò rí ojútùú rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá Òkè-Ogbó ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ń gbé, àárọ̀ ọjọ́ tí wolé-wolé fẹ́ wá gan-an ló sì gbé ẹrù dé láti wá kí wọn. Màmá yìí kò fẹ́ràn oúnjẹ títà. Lójú tirẹ̀, iná ilé wà fún ọmọ àti fún àlejò, ó tán. Èyí tó tún wá burú ni pé èèyàn kì í wọ ilé tó bá wà kó má jẹun. Ajíhìnrere kan wá wàásù fún un rí, iyán ni wọ́n fi ṣáájú Bíbélì, oorun ni ìránṣẹ́ Ọlọ́run sì fi parí ìwàásù.

Ìkẹ́olúwa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ṣàlàyé pé wolé-wolé náà ní òfin tirẹ̀: kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn nínú ilé tó bá wá yẹ̀ wò. Bó bá fi lè jẹ ẹ́, wọ́n á ní oúnjẹ ni wọ́n fi ra káàdì, káàdì á sì di òfo. Màmá mi orí, ó ní òun ti gbọ́, ó sì wọ yàrá lọ. Ìkẹ́olúwa rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ọ̀sán ni wolé-wolé dé. Lágúnjú lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ará Ìpetumodù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, tí kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú kaakí. Ó ṣí àmù wò, ó yọjú sábẹ́ tábìlì, ó fi ìka ra ojú fèrèsé, ó tún gbé ìka náà sókè wò. Èékánná Ìkẹ́olúwa, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Òfin ní kí ó bá a lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà móínmóín ń hó lórí iná, òórùn ata àti edé gba gbogbo ilé, inú Lágúnjú sì ń kùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìkẹ́olúwa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Adìyẹ kan tí kò mọ̀ nípa òfin gba abẹ́ ọgbà padà wálé, ó dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n. Sàrátù sáré wá gbé e, ó ní tòun ni, ó sì ń bá adìyẹ náà wí pé kí ló wá ṣe nílé onílé.

Lágúnjú mú káàdì jáde, ó mú bírò. Bí ilẹ̀kùn yàrá ṣe ṣí nìyẹn.

Àwo ni Ìyá Òkè-Ogbó gbé bọ̀. Móínmóín mẹ́rin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, láti inú ìkòkò tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀. Lágúnjú dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní yóò gba ibi ire. Màmá rò pé ẹ̀rù májèlé ló ń bà á. Ó gé díẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì yanu kí àlejò rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Lágúnjú ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ó sì fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn.

Ẹnu géètì ti kún. Àwọn tó sá fún wolé-wolé láàárọ̀ ti padà wá wòran. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin, ohun tí wọ́n fojú rí ni pé wolé-wolé wo oúnjẹ Ìkẹ́olúwa, ó sì fà sẹ́yìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí ló rí níbẹ̀? Obìnrin kan ní ó ti pẹ́ tí ẹ̀wà yẹn ti ń kọ òun lóminú, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ra márùn-ún lánàá.

Ìkẹ́olúwa mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yìí á ti dé etí Ìyáàfin Adéagbo. Bí Lágúnjú bá jẹun, káàdì di òfo. Bí kò bá jẹun, káàdì á wà lára ògiri, móínmóín á sì wà nínú ìkòkò. Ẹkún gùn ún, ẹ̀rín náà sì gùn ún, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde.

“Ẹ fọwọ́ sí káàdì ná,” ó wí fún Lágúnjú. “Ṣé ó mọ́ àbí kò mọ́?”

Lágúnjú ní ó mọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Ìkẹ́olúwa bi í bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nínú ilé náà. Ó ní ó ti parí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde ní géètì, kí ẹ padà wọlé bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé oúnjẹ mi ṣeé jẹ. Bí ẹ̀yin ò bá lè rà á, ta ni yóò rà á?”

Inú Lágúnjú ló kọ́kọ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ ronú, ó ní lóòótọ́, òfin ò ní kí òṣìṣẹ́ má fi owó ara rẹ̀ ra oúnjẹ. Ó jáde, ó ṣí fìlà kaakí, ó fi sápò, ó yí padà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kúulé o. Ẹ ta móínmóín fún mi.”

Ìyá Òkè-Ogbó fi ìborùn bo àwo. Ó ní òun ò ta oúnjẹ fún àlejò rí, òun ò sì ní í fi ọjọ́ ogbó bẹ̀rẹ̀. Lágúnjú ní bí òun ò bá sanwó, òun ò ní jẹ ẹ́. Màmá ní bó bá sanwó, kò ní jẹ ẹ́. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì pín sí méjì, apá kan ń gbè sẹ́yìn owó, apá kan ń gbè sẹ́yìn àlejò.

Ìkẹ́olúwa tún kúnlẹ̀. “Màmá, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ń sọ pé oúnjẹ ilé ọmọ yín ò mọ́.”

Màmá yí ojú sí wọn. Ẹni tó ra márùn-ún lánàá wo ilẹ̀. Màmá bèèrè iye tí ẹyọ kan jẹ́. Ó fi orí ìka gba owó lọ́wọ́ Lágúnjú bí ẹni mú iná, ó gbé móínmóín kan lé ewé fún un. Lágúnjú fẹ́ máa lọ, Màmá ní kó dúró. Ó gbé ìkejì lé e. Ó gbé ìkẹta lé e, ó gbé ìkẹrin, ó kó gbogbo ẹ̀kọ tì í.

“Màmá, kí wá lèyí?”

“Ènì ni. Ṣé ó wà nínú òfin yín pé kí ẹni tó rajà má gba ènì?”

Lágúnjú ronú lọ, ó ronú bọ̀. Ta ló fẹ́ kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ifẹ̀?

“Kò sí níbẹ̀, Màmá.”

Ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó jẹ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó pọ́n ewé lá, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní kaakí. Ni àdúgbò bá ya wọlé. Oníkálukú ra ẹyọ kan, kò sì sí ẹni tó lọ, gbogbo wọn dúró pẹ̀lú ọwọ́ nínà. Ìkẹ́olúwa bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

“Ènì wolé-wolé,” ni Sàrátù dáhùn.

Kí Ìkẹ́olúwa tó mọ ohun tí yóò wí, Màmá tí kì í ta oúnjẹ ti so ìborùn mọ́dìí, ó ti dúró ti ìkòkò. Ó ní kí wọ́n tò. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ènì wolé-wolé, kó lọ gba kaakí ná. Ìkẹ́olúwa fẹ̀yìn ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé gongo.

Lọ́jọ́ Ajé, igbá méjì ló wọ ọgbà ilé-ìwé náà. Ìkẹ́olúwa ru ọ̀kan. Ìyá Òkè-Ogbó ru èkejì, ó sì ti gé èékánná.