Kàsímù, Ajánásì Ìwé Ara Rẹ̀

Pé ìwé ń kọ́ni lọ́gbọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Pé ìwé lè ta ilé, Ìsàlẹ̀ Èkó la ti kọ́kọ́ rí i, ọwọ́ Kàsímù ló sì ti wá.

Bàtà ni Kàsímù ń tà ní Ọjà Balógun. Tí oníbàárà ò bá sí, á fa bébà yọ lábẹ́ àpótí bàtà, á máa kọ ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ìwé tó pè ní Ilé Tí Ọ̀sà Ń Jẹ. Ìtàn inú ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Ìyá arúgbó kan ń gbé létí ọ̀sà. Lọ́dọọdún, ọ̀sà á gòkè, á jẹ yàrá kan. Ìyá á ká aṣọ ẹ̀, á bọ́ sí yàrá tó kàn. Àwọn ọmọ ní kó kúrò níbẹ̀, ó ní kí ọ̀sà kọ́kọ́ kúrò ná. Nígbà tí yàrá tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ débí." Ó parí.

Ṣé ẹ rí nǹkan tó le níbẹ̀? Èmi ò rí i. Àmọ́ Dókítà Bashiru rí i. Dókítà ìwé ni o, ní Yunifásítì, ẹ má gbé ikọ́ lọ bá a. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìyá arúgbó yẹn kì í ṣe ìyá arúgbó. Ó ní àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ni, tí wọ́n jókòó lé ilẹ̀ tí wọn ò fẹ́ dìde. Ọ̀sà sì ni mẹ̀kúnnù. Ọjọ́ tí mẹ̀kúnnù bá gòkè, yàrá kan ò ní kù!

Kàsímù ka pépà náà tán nínú ìsọ̀, ó wo Sàdíátù ìyàwó ẹ̀ lójú.

"Sàdíátù, ṣé èmi ni mo kọ gbogbo èyí?"

"Bóyá nígbà tẹ́ ẹ sùn ni, Bàbá Ganiat. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun."

Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣọ́jà ń gé ìpínlẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé àlùbọ́sà. Ni àwọn kan bá tún dé, wọ́n ní Nàìjíríà ni ilé náà, ìpínlẹ̀ ni àwọn yàrá, ṣọ́jà ni ọ̀sà. Wọ́n sọ ìyẹn o, àmọ́ ohùn wọn ò ròkè. Tẹ́ ẹ bá dé Apọ́ngbọ̀n nígbà yẹn, ẹ máa rí àwọn tí kò tíì ṣí ìwé yẹn rí, tí wọ́n ń fi ìtumọ̀ ẹ̀ jà. Inú Kàsímù ń dùn. Ta ni kò fẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé orí òun jìn tó bẹ́ẹ̀? Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ta bàtà.

Òótọ́ ibẹ̀ kúrú ju gbogbo ìyẹn lọ. Ìyá arúgbó inú ìwé, ìyá ẹ̀ ni, Memunat. Ilé náà, ilé ẹbí wọn ni, lẹ́yìn Ìga Ìdúngánrán. Ọ̀sà ni ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ ra ilé náà, kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi ilé alájà mẹ́jọ rọ́pò ẹ̀.

Ìyàwó mẹ́rin ni baba ńlá wọn fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí ṣe pín sí ìdí mẹ́rin. Tí ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá fọwọ́ sí i, ilé ò ṣeé tà. Mẹ́ta ti fọwọ́ sí i. Memunat ni àgbà ìdí kẹrin, ó sì ní òun ò ní tẹ̀ka. "Ibi tí wọ́n bí mi sí ni wọ́n á ti gbé mi jáde." Ohun tó ń sọ ò ju ìyẹn lọ. Jíbrílù, olórí ẹbí, bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ó fi ìyà sí i. Àwọn ìyàwó ilé ò bá a pọn omi mọ́. Ààwẹ̀ dé, wọn ò kan ilẹ̀kùn ẹ̀ ní àkókò sààrì mọ́. Kò sẹ́ni tó ń kí i ju ìdajì ìkí lọ.

Ohun tó ń dun Kàsímù nìyẹn. Ó wá rò ó pé, gbogbo Èkó ló ti gbọ́ ìwé mi, àwọn àgbà ilé wa tí kò mọ̀wéé kà nìkan ló kù. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ojú á tì wọ́n, wọ́n á fi ìyá mi sílẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ Alfa Mọ̀núrù lọ. Alfa yìí ló kọ́ ọ ní kéú, òun náà ló ń ṣe tàfúsírì, ìtumọ̀ Àlùkùráánì, fún àdúgbò nínú ààwẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Jíbrílù. Mo sọ ìyẹn nítorí mo mọ ohun tẹ́ ẹ ti fẹ́ máa rò.

"Alfa, ẹ bá mi pe ẹbí jọ, mo fẹ́ ka ìwé mi fún wọn."

"Èyí tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà nínú pépà? Ó dáa. Ìwọ lo máa kà á, ta ló máa túmọ̀ ẹ̀?"

"Yorùbá ni, Alfa. Kò nílò ìtumọ̀."

Alfa rẹ́rìn-ín títí tó fi fi ṣẹ́ẹ̀tì nu ojú. "Kàsímù, ohun tí kò nílò ìtumọ̀, kí la tún ń pe àgbà jọ fún? Gbọ́, ọmọ mi. Ìwọ ṣe ajánásì, èmi á túmọ̀ ẹ̀. Ohun tí etí wọn mọ̀ nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Nínú ààwẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ajánásì á ka gbólóhùn kan, á dákẹ́, alfa á sì tú u palẹ̀. Iṣẹ́ ajánásì ni kó kà. Tó bá fi ọ̀rọ̀ ti ara ẹ̀ kún un, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú lọ́sàn-án ààwẹ̀. Kàsímù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó tiẹ̀ tún lọ pe Dókítà Bashiru, kí ẹbí lè rí i pé ìwé òun kì í ṣe ìwé kékeré.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásárì, wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jíbrílù gba àga. Memunat jókòó nílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó fi ìborùn funfun borí. Dókítà wọ dàńṣíkí àti bàtà gogoro, irun orí ẹ̀ tó agbọ̀n. Kàsímù ṣí ìwé.

"'Ọ̀sà gòkè, ó jẹ yàrá àkọ́kọ́.'"

"Ọ̀sà gòkè!" ni Alfa gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé, ta ló ni ọ̀sà?"

"Ọlọ́run ni!"

"Ẹni tí Ọlọ́run bá rán ọ̀sà sí, kí ló yẹ kó ṣe?"

"Kó palẹ̀ mọ́!"

Kàsímù la ẹnu. Alfa ò tiẹ̀ wò ó. "Ajánásì, kà á lọ."

"'Ìyá ká aṣọ ẹ̀, ó bọ́ sí yàrá kejì.'"

"Ẹ ò rí i! Yàrá kan lọ, kò gbọ́n. Ó tún kó aṣọ sínú òmíràn. Ṣé kì í ṣe àwa náà nìyẹn? Ehín lọ, a ò gbọ́n. Ojú ṣú, a ò gbọ́n. A ṣì ń di ilé ayé mú bí ẹni pé àlejò kọ́ la jẹ́. Kà á lọ!"

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn. Kàsímù á ka gbólóhùn tó fi ìfẹ́ kọ, Alfa á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á yí ojú ẹ̀ padà, ẹbí á ní "Súbúhánálláhì!" Àlímọ̀t, ìyàwó Jíbrílù, ti ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ ara ẹ̀. Kàsímù ń fi ìparí tu ara ẹ̀ nínú. Ó ní, ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná. Kò sí alfa tó lè rí nǹkan ṣe sí ìparí yẹn.

Ó débẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìyá ẹ̀, ohùn ẹ̀ gbọ̀n. "'Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi, ó ní, Èmi ni mo kọ́kọ́ débí.'"

Alfa fi ohùn kékeré sọ ọ́, bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ẹ gbọ́ ìgbéraga. 'Èmi.' Kí wọ́n tó bí i, ta ló wà níbẹ̀? Ọ̀sà ló wà níbẹ̀."

Hẹ̀n! Gbogbo ilé kérora. Kàsímù alára, ẹ má sọ pé mo wí o, ó ya òun náà lẹ́nu. Kò rò ó débẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́.

Jíbrílù, ẹni tó gbọ́n bí ìjàpá, yíjú sí Dókítà. "Dókítà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé dókè òkun, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ tiyín?"

Bashiru kì í kírun àfi tí bàbá ẹ̀ bá wá kí i láti Ìjẹ̀bú. Ó yẹ kóun àti Alfa jà níbẹ̀. Ó tún dàńṣíkí ẹ̀ ṣe, ó ní, "Bàbá, ọ̀nà wa yàtọ̀, ibi kan náà la dé. Ilé àtijọ́ gbọ́dọ̀ wó kí tuntun tó lè dìde. Ìyá yẹn ń dá ayé dúró ni."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Kàsímù ti dìde. "Ẹ gbọ́, èmi ni mo kọ ọ́! Ìyá yẹn ló jàre!"

"Ajánásì!" ni Jíbrílù pè é, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. "Jókòó, ààwẹ̀ ti gbẹ ọ́ lẹ́nu."

"Bàbá, mo ní èmi ni mo kọ..."

"A mọ̀, ọmọ wa, a sì dúpẹ́. Ẹni tó bí ọmọ kọ́ ló mọ ohun tí ọmọ á dà."

Dókítà tiẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. "Kàsímù, tí ìwé bá ti jáde, ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ."

Nígbà tí wọ́n ká ẹní, Kàsímù wọlé tọ ìyá ẹ̀ lọ. Ó bá a tó ń ká aṣọ sínú àpótí onírin.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ má dá wọn lóhùn."

"Kàsímù, kí ló dé tó ò sọ ọ́ fún mi? Ìgbà tí gbogbo Èkó gbọ́ tán ló tó kàn mí?"

"Kí ni mo sọ?"

"Pé mò ń gbéraga."

"Lọ́la Ọlọ́run, mi ò sọ bẹ́ẹ̀! Ohun tí Alfa sọ nìyẹn, kì í ṣe ohun tí mo kọ. Èmi ni mo mọ ohun tí mo kọ, Ìyá."

Memunat gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tó o wà ní kéú, ta ló ń kọ wàláà ẹ?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ẹ dáa nígbà yẹn, gbogbo wọn ló ń yìn ọ́. O mọ ìtumọ̀ ohun tó ò ń kọ?"

Kàsímù mi orí pé òun ò mọ̀ ọ́n.

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Alfa Mọ̀núrù. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀, Ìyá! Ìyẹn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Èyí, èmi ni mo jókòó sí ìsọ̀ bàtà tí mo ń kọ ọ́."

"Ta ló fi sí ẹ lọ́kàn?"

Ẹ dá a lóhùn kí n gbọ́. Ọmọ kéú wo ló máa ní kì í ṣe Ọlọ́run?

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, èmi àti ẹ̀yin nìkan. Láìsí Alfa."

"Mo ti gbọ́ ọ. Etí mi ò di. Nígbà tó o débi tí mo ti sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ débí, ohùn ẹ gbọ̀n. Mo wo ojú ẹ. Ojú ń tì ọ́ fún mi."

"Ojú ò tì mí! Mo fẹ́ràn yín ni!"

"Mo mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni ló ń báni wí." Ó mú aṣọ náà padà, ó tún un ká.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kúrò níbí?"

"Mi ò fẹ́."

"Ẹ má tẹ̀ka, nígbà náà!"

"Kí n má tẹ̀ka, kí wọ́n lè máa kà nípa ìgbéraga mi ní Yunifásítì?"

Ọdún Ìtúnnu Ààwẹ̀ kọjá, ó tẹ̀ka. Jíbrílù dì mọ́ Kàsímù lójú gbogbo ẹbí, ó ní ohun tí òun fi ẹnu àti ìyà ṣe tì, ìwé ọmọ òun ṣe é tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n wó ilé náà. Memunat kó lọ sọ́dọ̀ Kàsímù ní Mùṣín, níbi tí kò mọ ẹnì kan, tó sì jẹ́ pé ìró ọkọ̀ ni kì í jẹ́ kó gbọ́ ìpè ìrun.

Ẹ má rò pé Dókítà gbàgbé wa. Ó tún kọ òmíràn sínú pépà, ó ní ìwé Kàsímù ti kúrò nínú ìwé, ó ti bọ́ sáàárín mẹ̀kúnnù, ó ń ṣiṣẹ́. Fúnra ẹ̀ ló gbé e wá sí Balógun.

"Dókítà," ni Kàsímù wí, "àwọn mẹ̀kúnnù tó gòkè yìí, ṣé alájà mẹ́jọ náà ni wọ́n ń kọ́?"

Bashiru rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀yin òǹkọ̀wé!" Ó ní gbólóhùn yẹn dáa, òun máa lò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Kàsímù ti ọjà dé. Ìyá ẹ̀ wà lórí àpótí níwájú ilé pẹ̀lú Afusat, obìnrin tó ń gbé yàrá kejì. Afusat ń bi í pé kí ló lè gbé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gidi wá sí Mùṣín.

"Ọmọ mi ni," ni Memunat dáhùn. "Orí kunkun ń bá mi jà nígbà yẹn. Kò bú mi, kò pariwo mọ́ mi. Ìwé ló jókòó kọ, odidi ìwé, ó fi bá mi wí."

"Ẹ ò rí ọmọ! Ọlọ́run á jẹ́ ká bí irú ẹ̀."

"Àmín o."

Àwọn méjèèjì wá gbójú sókè wo Kàsímù, wọ́n ń dúró kí òun náà ṣe àmín. Ó ṣe é.