Ta Ni Ká Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Olórí kunkun ni ìyá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọdún tó kọjá ni wọ́n sì dákú sínú bọ́ọ̀sì ní Inísà, nígbà tí wọ́n ń lọ gba oògùn ní Ìkìrun. Láti ìgbà náà ni ilé ìwòsàn ti ń fi dróònù gbé oògùn náà wá bá wọn nílé wa ní Òkukù. Ẹ̀rọ kékeré náà á fò wá láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, á gbé páálí sílẹ̀ láàárín àgbàlá, á sì yí padà. Mo rò pé wàhálà ti tán.

Wàhálà wo ló tán? Lọ́jọ́ kejì tí oògùn àkọ́kọ́ dé, mo bá Màmá níwájú ilé, wọ́n ti wé gèlè.

"Ìkìrun ni mò ń lọ. Mo fẹ́ lọ kí wọn pé ẹ ṣeun àná."

"Màmá, ẹ̀rọ ló gbé e wá!"

"Ṣé ẹ̀rọ ló rán ara rẹ̀ ni? Adéjọkẹ́, ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó dà bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ. Èmi kì í ṣe olè."

Mo bẹ̀ wọ́n, mo bínú. Kí n tó ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni dé, wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ti rí ọmọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, Ọlánípẹ̀kun, wọ́n ní ojú rẹ̀ tutù. Bó ṣe di àṣà nìyẹn: bí oògùn bá dé lónìí, Màmá á wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun lọ́la. Ohun tó yẹ kó fún wọn nísinmi ló wá ń lé wọn jáde! Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi pé lọ́jọ́ kan, wọ́n á pè mí láti Inísà pé kí n wá gbé òkú ìyá mi.

Ní Sátidé kan, wọ́n ń wé gèlè lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin gbọọrọ kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ọlánípẹ̀kun ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Ọ̀gá wa rí yín lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ẹni tó lè wá dúpẹ́ lè wá gba oògùn. Tí wọ́n bá tún rí yín, wọ́n á yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tí dróònù ń gbé oògùn fún."

Díẹ̀ ló kù kí n jó ijó ayọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá tú gèlè, wọ́n gbé e lé itan, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì bíi ti ọmọ tí a gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí.

"Ta wá ni kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Èmi náà ni. Bí oògùn bá ti dé, màá wá lọ́jọ́ kejì, màá wá gba ọpẹ́ mi."

"Láti Ìkìrun? Ìwọ tí o ní dróònù?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí mò ń fi oògùn ránṣẹ́ sí pọ̀, Màmá. Ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń yà ní fọ́tò. Ẹ̀yin nìkan lẹ béèrè ẹni tó rán an."

Màmá wò ó títí. "Kí ni oríkì rẹ?"

"Àkànní ni. Ìyá mi àgbà nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kú."

Màmá na ọwọ́, wọ́n gbé e lé e lórí.

"Àkànní," ni wọ́n pè é. "Ìwọ náà á gbó. O ò sì ní wá ẹni tí yóò rán oògùn sí ọ tì."

Ó fẹ́ ṣe àmín, kò parí rẹ̀. Ọmọkùnrin gbọọrọ bẹ́ẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Èmi tí mo ti ń bínú látàárọ̀, mo sáré wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí omijé tèmi náà.