Ẹ̀yìn Aṣọ

N kò fẹ́ bá ìyàwó mi lọ sí òkè òkun. Kí n má parọ́, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo àpótí ẹrù bí ẹni ń wo ọ̀tá. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́ ló rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Èmi ní tèmi, iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀wù ni mo ń ṣe, èyí tí à ń fi ọwọ́ àti abẹ́rẹ́ kó, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀, àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù wọn. Irú èmi yìí ni wọ́n ní kí n wá máa ṣọ́lé fún ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ibi tí a bá gbé là ń ṣe. Kí oṣù kejì tó pé, ara mi ti mọlé. Láàárọ̀, màá sin ìyàwó mi dé ibùdókọ̀, màá sì ra búrẹ́dì bọ̀ lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì kan tí kì í bi mí léèrè èyí tí mo fẹ́ mọ́. Màá gbálẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ tí gbogbo ilé jọ ń lò, màá dúró ti ẹ̀rọ náà títí yóò fi parí, nítorí n kò fọkàn tán ohun tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di inú oòrùn níwájú yàrá wa lókè, èmi àti àga mi àti abẹ́rẹ́ mi. Kò sí oníbàárà tó dúró lé mi lórí pé ọjọ́ Sátidé lòun fẹ́ ẹ. Ẹ̀wù ara mi ni mo ń kóṣẹ́ sí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo ń gbádùn ayé mi, mo kàn fi pamọ́ fún ìyàwó mi kó má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ibẹ̀ ni Ìyá Aláwò-Méjì ti rí mi. Ìsàlẹ̀ wa ló ń gbé, òun nìkan, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Awò ojú méjì ló máa ń lò pọ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ìyẹn ni mo fi fún un lórúkọ yẹn. Ó gun àtẹ̀gùn wá lọ́jọ́ kan, ó kí mi, ó sì gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo iwájú rẹ̀. Ó yí i padà, ó fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ tọ̀ ọ́ bọ̀.

Ó ní, "Aránṣọ, kókó ti pọ̀ jù lẹ́yìn aṣọ rẹ."

Inú bí mi. Ta ní í yí iṣẹ́ oníṣẹ́ padà? Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nínú ni, ẹnikẹ́ni kò ní rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ayé. Mo fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ ṣàlàyé èyí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ̀kalẹ̀ wá wo tòun.

Ó tẹ́ ìbora funfun kan sórí bẹ́ẹ̀dì. Òdòdó pupa àti ewé tútù ni wọ́n kó sí i lára láti etí dé etí. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì kú kó tó dé ìdajì. Láti ìgbà náà ni òun ti ń kó o lọ díẹ̀díẹ̀, ó wá ku òdòdó mẹ́fà. Mo yí aṣọ náà padà. Kò sí kókó, kò sí òwú tó fò kọjá, n kò sì mọ èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Ojú tì mí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ó sọ fún mi pé, "Dókítà ní ojú mi ń lọ, kò sì sóhun tí àwọn lè ṣe sí i. Mo fẹ́ parí aṣọ yìí kó tó lọ tán. Ọwọ́ ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ kàn án. Ìyá mi ni, lẹ́yìn rẹ̀ èmi ni, ó parí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ iṣẹ́ padà. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìdí òwú pamọ́ sábẹ́ èyí tí a ti rán kọjá, tí kò fi ní sí ìdí tí a ó fi ta kókó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ọrùn ẹ̀wù mi. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti fẹ́ ìyàwó sísàlẹ̀ ni?" Mo ní ọ̀gá ni mo gbà, kì í ṣe ìyàwó.

Nígbà tó ku oṣù kan tí a ó padà sílé, ó ku òdòdó mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń gbà á bó bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn. Mo bá a lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òwú búráùn ló fi ń kó o, ó rò pé pupa ni.

N kò lè sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wojú àgbà kí n sọ fún un pé kò ríran mọ́? Ó parí òdòdó náà ní búráùn, ó bọ́ sórí èkejì, búráùn náà ni. Ọ̀rọ̀ wá di abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète. Ìyàwó mi ní kí n lọ sọ fún un, pé ohun tó le jùyẹn lọ làwọn nọ́ọ̀sì ń sọ fún èèyàn lójoojúmọ́. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Ète tí mo pa rèé: mo yá aṣọ náà lọ́wọ́ ìyá pé mo fẹ́ fi han ìyàwó mi. Mo tú òdòdó búráùn méjèèjì, mo sì tún wọn kó ní pupa, mo ń gba ojú ihò tí abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ti gbà gan-an. N kò ta kókó kan ṣoṣo. Mo yí i padà, inú mi dùn sí ara mi.

Mo gbé e padà fún un. Kò wo iwájú rẹ̀. Ó yí i sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀, ó sì dúró.

"Ta ló fọwọ́ kan aṣọ mi?"

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù ba ìyá arúgbó, ó rò pé mo dákú ni, ó ń wá tẹlifóònù. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Àgbà ni yín, mà."

"Ṣé wọn kì í sọ òótọ́ fún àgbà níbi tí o ti wá ni?"

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, ó ní ó ti pẹ́ tí ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀yìn aṣọ lòun fi ń ríran. Ọwọ́ òun lè sọ ibi tí òwú gbà àti bó ṣe le tó, ṣùgbọ́n kò lè sọ àwọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Tú tìrẹ kúrò."

Mo tú u níwájú rẹ̀. Ó ku ọjọ́ méjìdínlógún tí a ó padà sílé, òdòdó mẹ́ta sì ṣófo. Bí mo bá lọ kó tó parí rẹ̀, ta ni yóò máa bá a ṣa àwọ̀? Láràárọ̀, kí n tó ra búrẹ́dì, màá ti ki òwú sójú abẹ́rẹ́ mẹ́wàá fún un, pupa lápá ọ̀tún àga rẹ̀, aláwọ̀ ewé lápá òsì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó yọ awò méjèèjì, ó kó wọn sórí tábìlì, ó dijú, ó ń kó iṣẹ́ lọ. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ńlá jókòó rí, mo ti rí ọwọ́ tó dáa. N kò rí irú èyí rí. Abẹ́rẹ́ á wọlé, á jáde, ìka òsì á ti dúró dè é lábẹ́ aṣọ. Nígbà míì, mo máa ń gbàgbé iṣẹ́ tèmi lórí itan.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a ó wọ ọkọ̀ òfurufú, òdòdó tó kẹ́yìn ló kù. Apá márùn-ún ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ní yíká. Ó ti kó mẹ́rin. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi.

Ó ní, "Kó èyí tó kù."

"Ìyá, ẹ ní ọwọ́ ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ kàn án."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Kó o."

Wákàtí kan gbáko ni mo fi kó ohun tí kò tó àtàǹpàkò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó gbà á, ó yí i padà. Ìka rẹ̀ rìn yí apá márààrún ká. Ó tún yí wọn ká lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń retí kó dúró níbì kan, bó ṣe dúró lọ́jọ́ yẹn. Ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó bi mí pé, "Èwo ni tìrẹ?"

Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lé tèmi lórí.