Sáńpépà Tó Ti Gbó

Ọlọ́run ló mọ ohun tí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Alápẹ́ńsù ò tíì kùn nínú ilé rẹ̀. Pẹ́ńsù aláwọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ya òdòdó sínú ìwé, òun ò fẹ́ fi ya nǹkan sínú ìwé. Ó fi kun gíláàsì, àwọ̀ ò mú. Ó fi kun èèpo ẹyin, èèpo fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbìyànjú bíríkì, bíríkì jẹ pẹ́ńsù tán pátá. Ara obìnrin náà ò balẹ̀ rí. Bó ṣe ń jókòó ló ń dìde.

Àfi ọjọ́ tó mú sáńpépà tí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti fi ha pákó títí tó fi gbó. Háà! Tuntun máa ń jẹ pẹ́ńsù ni, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó ń gba àwọ̀ lé àwọ̀: yẹ́lò lákọ̀ọ́kọ́, pupa lé e, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ níbi òjìji. Tó bá wá fi òwú tó ti mu òróró rọra nù ún, àwọn àwọ̀ náà á wọnú ara wọn, á dà bí awọ ènìyàn gan-an. Ọkọ máa ń ṣẹ́ bébà náà po sí mẹ́ta kó tó lò ó, àtàńpàkò rẹ̀ á sì jẹ́ kí ojú kan pá. Ojú tó pá yẹn ni ìyàwó fi ń ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn tó ń yà. Lálaalẹ́, ọkọ á gbé àga tì í, wọ́n á jọ wà bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ò ní dìde.

Nígbà tó yá, ikọ́ dé. Dókítà ní eruku pákó ti ba ẹ̀dọ̀fóró ọkùnrin náà jẹ́, pé tó bá tún ń ha pákó, kí wọ́n má wulẹ̀ gbé e padà wá. Ọkọ ní òun ti gbọ́, pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ni yóò máa ha á, òun á kàn máa wọn pákó. Inú ìyàwó dùn. Sáńpépà tó gbó ṣì ń wálé, kò sì béèrè ẹni tó lò ó. Ta ló fẹ́ béèrè ohun tó máa bà á nínú jẹ́?

Àmọ́ àtàńpàkò ò ṣeé gbé pamọ́. Bébà tí wọ́n ṣẹ́ po sí mẹ́ta ló ń bá nínú àpò ọkọ rẹ̀, ojú kan á ti pá. Lọ́jọ́ kan, ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé ìdajì, ó jù ú sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó jáde. Ó lọ síbi fèrèsé, ó padà. Òun ti mọ̀ látọjọ́ yìí pé ọkọ òun ṣì ń ha pákó, àwòrán ló kàn wù ú ju èémí ọkọ rẹ̀ lọ. Ojú gbà á tì. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ò bára wọn mu, ó gba ilé iṣẹ́ lọ.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti lọ jẹun. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló bá, tó fi aṣọ di imú, tó ń ha pákó kan tó ti tín-ín-rín bíi rúlà. Ìyàwó bi í pé kí ni pákó yẹn fẹ́ dà.

“Kò ní da nǹkan kan,” ọkọ dá a lóhùn. “Sáńpépà rẹ ni mò ń ṣe.”

Ìyàwó bínú. Ó ní ṣé òun ló rán an pé kó pa ara rẹ̀ ni, ṣé orí rẹ̀ pé báyìí? Ọkọ jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán, ó wúkọ́, ó nu ẹnu.

“Látìgbà tí mo ti fẹ́ ọ, ìdí bébà yìí nìkan lo ti ń jókòó tì mí. Mo fẹ́ kó o jókòó ni.”

Ìyàwó fa àpótí kan, ó jókòó nínú eruku. Ẹsẹ̀ ń yún un, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò dì mú.

“Ẹ gbé bébà yẹn sílẹ̀,” ó ní. “Mo ti jókòó.”

Ọkọ gbé e sílẹ̀. Ikọ́ mú un, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Ìyàwó fẹ́ sáré lọ wá omi, ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, obìnrin náà padà jókòó.