Àtàǹpàkò Nínú Agbo Kèké

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àlùfáà ń sun tùràrí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí kèké bá ti mú un, kò tún ní í dúró sínú agbo mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Mo mọ èròjà tùràrí mọ́kọ̀ọ̀kànlá lórí. Mo mọ ìdí tí a fi ń po oje igi tí ń rùn mọ́ àwọn olóòórùn dídùn: ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn wà nínú àdúrà wọn, bí a bá sì yọ òórùn yẹn kúrò, irọ́ ni à ń sun.

Asareli, ọmọ àbúrò bàbá mi, kò mọ̀ ju èròjà mẹ́ta lọ. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé láwàní lé e lórí, ó sì ń rìn kiri inú tẹ́ḿpìlì bí ẹni tó jogún rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ ìsìn ìdílé wa yóò parí, a tò yípo.

"Àwọn tí kò tíì sun tùràrí rí nìkan o!" ni Bàbá Gedalia, alábòójútó kèké, kígbe.

Asareli fi ìgúnpá gún mi. "Ẹ̀gbọ́n Pelataya, ẹ tún dé? Pẹpẹ yẹn mà ti mọ̀ yín dáadáa o. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tí ò rí yín ni."

"Na ìka rẹ, kí o dákẹ́."

"Bó bá mú mi, ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dà á o. Mi ò fẹ́ kí iná jó mi nírùngbọ̀n."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Irùngbọ̀n wo?

A kì í ka orí ènìyàn Ísírẹ́lì. Ìka ni à ń kà. A kì í sì í na àtàǹpàkò, nítorí ẹni tó bá yà á jìnnà sí ìka rẹ̀ lè mú kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Gedalia ní, "Mẹ́tàlélógójì," ó sì ṣí láwàní ẹni tí kíkà yóò ti bẹ̀rẹ̀; ẹni tí iye náà bá parí sí ni kèké mú. Kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìka àkọ́kọ́, ojú mi ti ka agbo náà tán. Èmi ni méjìlélógójì. Asareli ni mẹ́tàlélógójì.

Mo na àtàǹpàkò mi.

Ojú bàbá náà ti ń ṣe bàìbàì. Ó ka àtàǹpàkò, ó ka ìka, ó sì di ìka náà mú. "Pelataya! Olúwa rántí rẹ lónìí."

Asareli wo ọwọ́ mi. 

Èmi nìkan ló kù níwájú pẹpẹ wúrà, aṣọ ìkélé lọ́ọ̀ọ́kán, fìtílà méje lápá òsì mi. Mo da tùràrí sórí ẹ̀yinná. Àdúrà gbogbo ènìyàn ló yẹ kó bá èéfín náà gòkè, ṣùgbọ́n ojú Asareli ni mo ń rí. Mo ti gba ipò rẹ̀, síbẹ̀ n kò jowú rẹ̀ tó báyìí rí. Nínú èròjà mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ọ̀kan tí ń rùn nìkan ni imú mi gbọ́.

Lẹ́yìn náà, gbogbo wa tò sórí àtẹ̀gùn láti súre fún àwọn ènìyàn. Asareli wá dúró tì mí. A gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ìka nínà.

"Ẹ na àtàǹpàkò yẹn dáadáa, ẹ̀gbọ́n," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó kúkú ti mọ́ ọn lára."

"O rí i, o ò sì pariwo?"

"Kí ni mo fẹ́ pariwo sí? Ẹ̀yin ti lo tiyín tán. Tèmi ṣì wà níbẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu, mo súre fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, mo sì yọ ẹnì kan sílẹ̀.