Obì Ìpè Ìgbéyàwó Fàtímọ̀

Ẹni tó bá ní kí n má bínú sí Rùkáyátù, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán ná.

Ọdún kejì tí ogun Hítílà parí ni mo fẹ́ fa Fàtímọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, fún ọkọ. Àmọ̀dá bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan sílẹ̀. Àwọn àna mi, ará Adó-Odò, pọ̀ bí eṣú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ ọmọ, mo gbọ́ tí obìnrin kan nínú wọn ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ lẹ́nìkan?" Wọn ò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kí èrò Ọ̀tà kún ilé mi fọ́fọ́ lọ́jọ́ yìgì, kí àwọn àna mi fojú ara wọn rí i pé ọmọ mi ní ẹni lẹ́yìn, kí wọ́n má baà fi ìyà jẹ ẹ́ lọ́la.

Obì la fi ń pe èèyàn ní tiwa. Bí oníṣẹ́ bá gbé obì wá bá ọ, tó sọ ọjọ́, tí o là á, tí o jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, o ti jẹ ọjọ́ náà nìyẹn. O ò tún gbọdọ̀ gba obì ẹlòmíràn fún ọjọ́ kan náà. Ìyá ìyàwó kì í sì í gbé e kiri fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa ń bá a gbé e.

Ta ni ǹ bá tún gbé e fún bí kò ṣe Rùkáyátù? Láti kékeré la ti jọ wà. Nígbà tí mo ń ṣe opó Àmọ̀dá, orí ẹní mi ló ń sùn. Obì tí mo kó fún un, igi tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sí oko wa ní Alápòtì ló so ó, obì funfun ńláńlá tí kò sí irú rẹ̀ nílùú. Mo fi ewé wé e dáadáa. Ọjọ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ dáadáa nígbà náà.

Ó ní, "Ìyá Fàtímọ̀, ó ti yá jù. Bí obì bá tètè dé, wọn á jẹ ẹ́ tán, wọn á gbàgbé ọjọ́. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, màá gbé e kiri."

"Ṣé ọ̀sẹ̀ kan ò ní pẹ́ jù?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ṣé èmi ni màá ba tìẹ jẹ́?"

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, mo bi í. Ó ní òun ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, wọ́n ní kí òun kí mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ní ọjọ́ Àlàmísì, mo pàdé Ìyá Àpọ́nlé, àgbà obìnrin àdúgbò wa, níbi tí mo ti ń ra ata ọbẹ̀ ìyàwó.

"Ìyá Fàtímọ̀, o kú ìmúra o. Mi ò ní lè yà lọ́dọ̀ rẹ ní Sátidé. Mo ti jẹ obì Rùkáyátù, ó fẹ́ ṣí ilé rẹ̀ tuntun. Obì funfun yẹn mà dùn o!"

Mo gbé ata sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, obì ìgbéyàwó Fàtímọ̀ ni."

Màmá lanu. "A bi í nípa tìẹ. Ó ní opó ni ọ́, o ò fẹ́ ariwo, pé àdúrà kékeré ni Àáfà máa ṣe. A kì í sì í pe ara ẹni sóde, ọmọ mi."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ilé páànù Rùkáyátù tó wà lẹ́yìn ilé mi, ọjọ́ tó bá wù ú ló lè ṣí i. Èmi ò lè yí tèmi padà, nítorí ọkọ Fàtímọ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo kó ìwọ̀nba obì tó kù nílé, mo ń gbé e kiri fúnra mi láìro ìtìjú. Gbogbo wọn ló káàánú mi. Kò sẹ́ni tó gbà á. Jìbírílù alápatà ní, "Ìyá Fàtímọ̀, bí mo bá já obì Rùkáyátù sílẹ̀, ta ni yóò tún fún mi lóbì ní Ọ̀tà?" Inú bí mi sí àwọn náà. Wọ́n mọ òtítọ́, síbẹ̀ obì ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Mo bá Rùkáyátù níbi tó ti ń ṣa ìrẹsì.

"Ìyá Láwàlì, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Kò tiẹ̀ sẹ́. "Ọjọ́ rere ni Àáfà mú fún ọ, ìwọ lo sọ ọ́ fún mi. Ṣé ìwọ nìkan ni ọjọ́ rere tọ́ sí? Láti kékeré, ọ̀dọ̀ rẹ ni èrò máa ń wọ́ lọ. Àjẹkù rẹ ni mo máa ń jẹ. Mo ní kí wọ́n wá sọ́dọ̀ tèmi náà lẹ́ẹ̀kan."

"Obì ọkọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Má bínú." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ lọ́jà. Mo fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n mo yíjú, mo gba ilé lọ.

Ní Sátidé, lọ́rì gbé àwọn ará Adó-Odò dé pẹ̀lú orin. Ẹní tí mo tẹ́ sílẹ̀ de èrò Ọ̀tà ṣófo. Èmi, Àdìzát tí ń gbé yàrá kan nílé mi, àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níhà ìyàwó. Fàtímọ̀ yọjú láti inú yàrá, ó wo ẹní, ó wo ojú mi.

"Ìyá mi, ta la ṣẹ̀?"

Mo bá a tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Àáfà Sírájúdéènì so yìgì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní kí ìhà ìyàwó ṣe àmín. A ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn wa kò dé ẹnu ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àmín mìíràn fi sọ lẹ́yìn ilé, gbogbo Ọ̀tà ló pa ohùn pọ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyá Àpọ́nlé àti ti Jìbírílù nínú rẹ̀.

Bàbá Kàsúmù, bàbá ọkọ, yí orí padà. "Àwọn wọ̀nyí mọ àmín í ṣe o. Ilé ta nìyẹn?"

Àwọn obìnrin Adó-Odò ń wò mí lẹ́nu.

Mo ní, "Ilé ọ̀rẹ́ mi ni, Bàbá."