Fídíò Bàbá Afọ-Fèrèsé

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá yìí fi fọ fèrèsé ilé gogoro láìjábọ́. Yàtọ̀ sí kí gíláàsì mọ́, ohun kan ṣoṣo tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Nígbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, ọ̀gá ibi iṣẹ́ so kámẹ́rà kékeré mọ́ akoto rẹ̀, ó ní kó fọ ilé kan láti òkè délẹ̀, kó sì mú fídíò rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì já fáfá, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yá.

Bàbá gbé fídíò náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fídíò ṣe. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gun àpáta, àwọn tó ń já bọ́ sínú omi, tí wọ́n sì ń pè é ní eré, òun ni wọ́n ń kó wàhálà wọn wá bá. Kò sóhun tó kórìíra tó àwòrán tó ń gbọ̀n. Bí ẹni tí òtútù mú bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, á fẹ́ẹ̀ máa wá bọ́tìnì tó ń dá gbígbọ̀n dúró.

"Kó má ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ o," ni bàbá wí. "Ọ̀gá ò ní sùúrù fún fèrèsé. Bá mi ṣe é kó gún régé."

Ogójì ìṣẹ́jú ni fídíò náà. Ọmọ kọ́kọ́ mú àwòrán dúró jẹ́ẹ́. Kí ó má baà gbọ̀n mọ́, kọ̀ǹpútà gé etí àwòrán náà kúrò yí ká, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló mú un sáré ní ìlọ́po mẹ́jọ. Kò wo ti àtilẹ̀wá délẹ̀. Iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù.

Lọ́jọ́ Ajé, inú ọ̀gá dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó ní irú ọwọ́ báyìí ṣọ̀wọ́n, ó sì yan bàbá sí ilé alájà ogójì, kó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ fẹ́ pa fídíò àtilẹ̀wá rẹ́ kí àyè lè gba ti oníkẹ̀kẹ́ kan. Ó ṣí i wò kó má baà ṣi tẹlòmíì pa. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ọwọ́ bàbá yọ létí àwòrán, ó fẹ́ fi ìkọ́ okùn ààbò há irin. Kò bá a. Ó tún gbìyànjú, kò bá a. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ìgbà kẹrin ló tó há. Nínú èyí tí ọ̀gá rí, gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ọwọ́ náà ò sì sí níbẹ̀ rárá, ó ti bá etí tí kọ̀ǹpútà gé lọ. Ọmọ wá rí ohun tó ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé bàbá rẹ̀ gun àjà ogójì.

Ó pe bàbá wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó fún un ní àga, ó sì fi ìṣẹ́jú kọkànlá hàn án. Wọ́n wò ó tán.

"Ẹ ti mọ̀," ni ọmọ wí.

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ni ọwọ́ náà."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ sọ. Mo wá wo èyí tó o ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Ọkùnrin yẹn mọṣẹ́." Bàbá mirí. "Mo wá gbà á gbọ́."

"Bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Omi ti lé ròrò sójú ọmọ.

"Fi èyí tó ń gbọ̀n ránṣẹ́ sí ọ̀gá," ni bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n má pa èyí tó gún régé yẹn rẹ́ o. Ìyá ẹ ò dé ibi iṣẹ́ mi rí. Òun ni kó o fi í hàn."